Bí Alágbàtà Ìnṣọ́ránsì Bá Ṣì Wá Lọ́nà, Ta Ni Yóò San Òfò?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá júwe ọ̀nà tí kò tọ́ fún wa ńkọ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé ó gba owó kí ó tó júwe rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé iná kì í bèèrè ọ̀nà kó tó wọ ọjà. Ẹni tó bá ronú jinlẹ̀ a máa san owó ìnṣọ́ránsì lórí ọjà rẹ̀, lórí ọkọ̀ rẹ̀, tàbí lórí ilé rẹ̀, kí ó lè rí nǹkan dìde bí ibi bá dé. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lọ bá ilé iṣẹ́ adójútòfò fúnra wa. Ẹnì kan ni yóò wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù, yóò múra dáadáa, yóò gbé báàgì dání, yóò ní, "Ìyá wa, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Èmi ni mo mọ èyí tó dára fún yín." A ó fi sí i lọ́wọ́. A ó san owó, a ó gba ìwé, a ó kó o sínú àpótí. Ọjọ́ tí ibi bá dé la ó tó mú un jáde, wọn yóò sì sọ fún wa pé ìwé náà kò bo irú òfò tó ṣe wá. Bí a bá padà lọ bá ẹni tó mú wa débẹ̀, yóò ní, "Ẹ má bínú, ilé iṣẹ́ ló ni òfin wọn. Èmi kàn mú yín mọ̀ wọ́n ni."

Ní ìlú tí mo ti ń kọ́ ọmọ, àwọn òbí máa ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi pé, "Tíṣà, ẹ bá wa ka ohun tó wà níbí." Ìgbà tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tí àwọn ra, tí wọn kò sì mọ̀ pé ẹni tó tà á fún wọn lè jẹ́jọ́ lórí ìmọ̀ràn tó fún wọn, ni mo pinnu láti kọ èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀mọ̀ràn, tó sì ń jẹun nídìí ìmọ̀ràn náà, òun ni kí ó dáhùn bí àìbìkítà rẹ̀ bá sọ ènìyàn di aláìní. Àwọn adájọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ti dá a bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

ALÁGBÀTÀ KÌ Í ṢE AṢOJÚ ILÉ IṢẸ́

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Aṣojú, tí à ń pè ní ejẹ́ǹtì, ilé iṣẹ́ adójútòfò ló rán an jáde. Ọjà ilé iṣẹ́ náà ló ń tà, bí ọmọ ọjà ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ tajà. Ṣùgbọ́n alágbàtà, tí àwọn mìíràn ń pè ní búrókà, tiwa ni. Ó ní àṣẹ láti yẹ ilé iṣẹ́ púpọ̀ wò, kí ó sì yan èyí tó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Lóòótọ́, inú owó tí a san fún ilé iṣẹ́ ni owó làádà rẹ̀ ti ń jáde, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́ wọn. Àwa ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ wo alárinà ìgbéyàwó. Bí ó bá mọ̀ pé ọkùnrin náà ti ní aya nílé, tí kò sì wí, tàbí tí kò tilẹ̀ ṣe ìwádìí kankan kí ó tó máa yin ọkọ, ẹbí ìyàwó kò ní gbà kí ó sọ pé òun kàn mú wọn mọ ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin ṣe ń wo alágbàtà. Ó gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ àti ìtọ́jú tó yẹ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ṣe é. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí òfò sì ti ibẹ̀ wá, gbèsè rẹ̀ ni.

OLÓRIN TÍ WỌN KÒ BI LÉÈRÈ

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ilé ṣe. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó tún máa ń bá àwọn olórin ṣeré. Ó lọ bá alágbàtà pé òun fẹ́ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò ní wọ́n. Alágbàtà mú ilé iṣẹ́ kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yìí ti fún àwọn alágbàtà ní ìwé kan tó ka àwọn ènìyàn tí òun kò fẹ́. Olórin wà nínú wọn, ìbáà ṣe ẹni tó fi orin ṣe iṣẹ́ gidi tàbí ẹni tó kàn ń fi ọwọ́ kejì ṣe é.

Alágbàtà bi ọkùnrin yìí pé, "Kí ni iṣẹ́ rẹ?" Ó ní títún ilé ṣe ni. Alágbàtà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Kò ka orúkọ àwọn tí ilé iṣẹ́ kò fẹ́ sí i létí, kò sì bi í bóyá ó ń ṣe nǹkan mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní àwọn kò san kọ́bọ̀, nítorí olórin ni. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọdún 1978, Lord Denning sì wà lára àwọn adájọ́. Wọ́n dá a pé alágbàtà ló jẹ̀bi. Òun ló ní ìwé yẹn lọ́wọ́, òun ló sì mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kò fẹ́ olórin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bèèrè. Nítorí náà, ohun tí ilé iṣẹ́ ì bá san, òun ni kí ó san án.

Ẹ rò ó wò. Mélòó nínú wa ló ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo? Tíṣà ń ta ìwé, awakọ̀ ń dáko, ìyá aláṣọ ń ta gáàsì ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gáàsì yẹn nìkan tó láti mú kí ilé iṣẹ́ kọ̀ láti san owó òfò iná. Alágbàtà tó wọ ṣọ́ọ̀bù, tó rí sílíńdà gáàsì, tí kò sì sọ nǹkan kan, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

LẸ́TÀ TÍ KÒ SỌ ÒÓTỌ́ TÁN

Ẹjọ́ kejì wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ní ọdún 1970. Ọkùnrin kan tó ti ìdílé àwọn Tọ́kì wá, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, fi ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ alágbàtà. Ilé iṣẹ́ tí alágbàtà mú un lọ ti ń mì lẹ́sẹ̀ ní àkókò náà, àwọn tó wà nínú iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà wó lulẹ̀. Alágbàtà kọ lẹ́tà sí oníbàárà rẹ̀ pé yóò dára bí ó bá lè pààrọ̀ ilé iṣẹ́. Kò sọ ọ́ gbangba pé, "Má gbé ọkọ̀ yìí jáde mọ́, ìwé ọwọ́ rẹ ti di òkú."

Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí lẹ́tà ń sọ. Ó ń wakọ̀ lọ, ó sì ní jàǹbá. Ìjọba bu owó ìtanràn lé e pé ó wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì, ẹni tó kọlù sì tún ń bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí alágbàtà ru ẹrù náà, títí kan owó ìtanràn, nítorí pé ọkùnrin náà kò mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, kò tó kí alágbàtà wá ilé iṣẹ́ tó gba owó kékeré. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ náà lè san owó òfò. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tó yé oníbàárà rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Kí ni ìwé olójú-ewé 20, tí a fi Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà kọ, jẹ́ fún ìyá tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ló gbọ́? Kí alágbàtà jókòó, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ìyá náà fi ń tajà.

ÒDÒDÓ TÓ KÚ NÍNÚ ÒTÚTÙ

Ẹjọ́ kẹta wá láti ìpínlẹ̀ Ontario ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọdún 1977. Oníṣòwò kan ń gbin òdòdó tà. Nítorí òtútù ibẹ̀, inú ilé gíláàsì tí wọ́n ń mú kí ó gbóná ni òdòdó ti ń hù. Ó ti sọ fún ẹni tó ń bá a ṣètò ìnṣọ́ránsì pé ààbò tó péye lórí gbogbo òwò òun ni òun ń fẹ́, ó sì ń san owó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú ìgbóná ilé náà dákẹ́ nítorí pé ó ti gbó. Ilé tutù, òdòdó sì kú. Ilé iṣẹ́ ní ìwé kò bo ẹ̀rọ tó gbó fúnra rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá gbọ́ "mo fẹ́ ààbò tó péye" lẹ́nu oníbàárà, tó sì gbà láti ṣe é, gbọ́dọ̀ ṣe é, tàbí kí ó sọ ibi tí ààbò náà kò dé fún un, kí oníbàárà lè mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, òun ni kí ó san owó òdòdó.

ÌṢIRÒ TÓ Ń PA ONÍṢÒWÒ

Ìmọ̀ràn burúkú kan tún wà tó máa ń dùn létí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ lè fi í ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ká ní ọjà ìyá kan tó mílíọ̀nù 10 náírà. Alágbàtà ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ mílíọ̀nù 5, kí owó tí ẹ ó san lè kéré." Inú ìyá dùn. Iná wá jó ọjà mílíọ̀nù 4. Ìyá rò pé òun yóò gba mílíọ̀nù 4 gbáko, nítorí pé 4 kò tó 5.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì iná, gbólóhùn kan wà tó sọ pé ẹni tó bá fi ìdajì iye ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ìdajì òfò rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ yóò san. Ilé iṣẹ́ kà á sí pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ru ìdajì kejì. Nítorí náà, mílíọ̀nù 2 ni ìyá yóò gbà. Alágbàtà tó mọ èyí, tó sì fẹnu ara rẹ̀ ní kí ìyá kọ mílíọ̀nù 5 láìsọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún un, ní ọ̀rọ̀ láti jẹ́ lórí mílíọ̀nù 2 tó kù.

IBI TÍ ALÁGBÀTÀ KÒ TI JẸ̀BI

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan, mo gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì. Kì í ṣe gbogbo òfò ni alágbàtà yóò san. Ẹni tó bá gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó gbà láti gba òun nímọ̀ràn, pé kò ṣe é bí ẹni tó mọ iṣẹ́, àti pé àìṣe-dáadáa náà gan-an ló fa òfò. Bí a bá parọ́ fún un, ọ̀rùn wa ni yóò wà. Bí ó bá sọ fún wa pé kí á fi ààbò olè kún ti iná, tí a ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀ bí olè bá jà wá. Nígbà mìíràn, ilé ẹjọ́ lè pín ẹ̀bi sí méjì, kí oníbàárà ru díẹ̀ nítorí àìbìkítà tirẹ̀, kí alágbàtà sì ru ìyókù.

Àwọn kan ní bí a bá ń pe alágbàtà lẹ́jọ́, ẹ̀rù yóò ba àwọn olóòótọ́ inú wọn, wọn yóò sì sá kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò tí kò tọ́, olùbẹ̀wò ilé ìwé yóò bi mí, àwọn òbí náà yóò sì bi mí. Èyí kò lé mi kúrò nídìí pátákó, ńṣe ló ń mú kí n múra iṣẹ́ mi sílẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí ẹni burúkú bá mọ̀ pé òun yóò san án ni àwọn olóòótọ́ yóò tó yọ kúrò láàárín wọn.

NÍ ILẸ̀ WA ŃKỌ́?

Ilé ẹjọ́ wa ní Nàìjíríà jogún ọ̀pọ̀ ìlànà òfin lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Kánádà kò de adájọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lọ́yà lè tọ́ka sí i, kí adájọ́ sì gbé e yẹ̀ wò. Ní ọdún 1997 ni òfin tó dá àjọ NAICOM sílẹ̀ jáde, kí àjọ náà lè máa bójú tó iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Òfin Ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 sọ pé kí alágbàtà gba ìwé àṣẹ, kí òun fúnra rẹ̀ sì ní ìnṣọ́ránsì tí yóò máa san gbèsè bí àṣìṣe iṣẹ́ rẹ̀ bá pa oníbàárà lára. Ẹ jẹ́ kí á fi ọgbọ́n wò ó. Bí àṣìṣe alágbàtà kò bá lè di gbèsè, kí ni òfin ń wá tó fi ní kí ó ra ààbò fún un? Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003. Òfin tuntun yìí ni kí lọ́yà yín ṣí bí ọ̀rọ̀ bá dé bá yín.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, fọ́ọ̀mù ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1929, àwọn oníbọ́ọ̀sì kan sọ òótọ́ fún aṣojú ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n aṣojú kọ ohun tó yàtọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ní nígbà tó ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ tiwọn ló ń ṣe, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Wọ́n pàdánù ẹjọ́. Òfin wa ti ọdún 2003 tọ ọ̀nà kan náà. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí iwájú fọ́ọ̀mù pé aṣojú tó bá bá ènìyàn kọ ọ́, aṣojú ẹni náà ni wọn yóò kà á sí. Ìyẹn ni pé, ẹni tó bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù òfìfo ti fi ọrùn ara rẹ̀ sílẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Àìtètè mólè ni olè fi ń mú olóko. Kí ọ̀rọ̀ tó di ti kóòtù ni kí a ti múra.

Èkíní, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ alágbàtà, kí ẹ sì wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ NAICOM kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀.

Èkejì, ẹ sọ gbogbo òótọ́ nípa òwò yín fún un, ìbáà jẹ́ pé kò bi yín. Ẹ sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ̀rọ̀ gáàsì, ẹ sọ iná tó ti jó yín rí.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ìwé yìí kò bò? Kí ló dé tí ẹ fi yan ilé iṣẹ́ yìí fún mi? Bí gbogbo ọjà mi bá jó, èló ni màá gbà lọ́wọ́? Kí ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ má pa á rẹ́. Láti ìgbà tí Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ti jáde ni ilé ẹjọ́ wa ti lè gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Alágbàtà tó bá kọ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Bí ojú yín kò bá ríran tó, tàbí tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le jù, ẹ pe ọmọ yín tàbí tíṣà itòsí kí ó kà á sókè fún yín, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́ pẹ̀lú rìsíìtì owó tí ẹ san.

Ẹ̀karùn-ún, bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀ láti san owó òfò, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà. Lẹ́tà yẹn ni yóò fi hàn bóyá ẹ̀bi yín ni, tàbí ti ilé iṣẹ́, tàbí ti alágbàtà. Bí ó bá jẹ́ ti alágbàtà, ẹ kọ̀wé sí i, ẹ kọ̀wé sí NAICOM, kí ẹ sì wá lọ́yà lọ kíákíá, nítorí ẹjọ́ tó bá pẹ́ jù a máa kú.

Ẹgbẹ́ ọjà náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ohun tí apá ìyá kan kò ká, apá ẹgbẹ́ lè ká a. Bí ẹgbẹ́ aláṣọ tàbí ẹgbẹ́ oníràwọ́ ẹran bá jọ sọ pé àwọn kò ní bá alágbàtà tí kò bá kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ sílẹ̀ ṣe, láìpẹ́, gbogbo wọn ni yóò máa kọ ọ́. Mo sì ń rọ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ má fi ìwé kíkà yín mọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ yà bá àwọn ìyá ọjà ní ọ̀sán Sátidé kan, kí ẹ bá wọn ka ohun tó wà nínú àpótí wọn.

Èrò mi nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ìwé ìnṣọ́ránsì nílé, ẹ má dúró de ọjọ́ iná. Ẹ gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ wá ibi tó sọ ohun tí kò bò. Bí ohun tí ẹ rí níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí alágbàtà sọ fún yín, ẹ pè é, kí ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ nígbà tí ọjà yín ṣì wà lórí igbá.